Ilẹ̀kùn Tó Ń Wọ́lẹ̀ Nílé Ìyá Aájò

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, etí odò ló ń gbé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ọwọ́ òsì ẹ̀, ẹ máa rí àpá ayùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó ṣáà má lọ fi ìfági kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Káfíńtà lọkùnrin náà. Baba Gúnrégé làwọn èèyàn ń pè é, wọn ò sì fi pọ́n ọn lé. Ojú ẹ̀ kì í gba ohun tó bá wọ́. Tó bá jókòó nílé yín, tẹ́sẹ̀ tábìlì kan ò kanlẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin á máa bá a sọ̀rọ̀, òun á ti wà lábẹ́ tábìlì. Á yọ hámà. Ọbẹ̀ á tutù, ìyàwó á bínú, àlejò á dìde lọ, tábìlì á sì gún régé.

Bó ṣe sọ ọmọ ẹ̀ nù nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Lọ́jọ́ tọ́mọ náà ń lọ sílé ọkọ, bàbá wọ aṣọ tuntun, ó kúrò nílé láàárọ̀ kùtù. Ó rí fèrèsé kan lójú ọ̀nà tí ò ṣeé tì. Ìgbà tó máa fi débẹ̀, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Ọmọ wo aṣọ tuntun tí èérún igi kún. Kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ò fi sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan ló ránṣẹ́. Ẹni tó rán jẹ́ ẹ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́: "Ọ̀túnla lọkọ̀ odò máa gbéra, bí oòrùn bá ti kan omi. Ọkọ mi ti ṣáájú. Mo ń lọ bá a, mi ò sì padà mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá tún rí iṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ máa ṣe é lọ, mo ti mọ̀ yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé tiwọn ṣe rí. Òṣùpá méjì ló ń yọ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Odò tí mò ń wí yìí fẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè fi àjẹ̀ wà á já. Ẹja ńlá méjì ló ń fa ọkọ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré sì làwọn ẹja náà ń gbà lọ́dún kí wọ́n so wọ́n mọ́ ọn. Ilẹ̀ tó wà lódìkejì lọ salalu. Ẹni tó bá ti kọjá sọ́hùn-ún, ibo lẹ fẹ́ wá a sí?

Baba Gúnrégé ò jókòó. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láìgbé e. Ó búra lójú ọ̀nà. Bílé ń wó lójú òun, òun ò ní yà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dé ilé èrò kan níbi tí ọ̀nà ti yípo. Láti ibẹ̀ dé odò, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni. Ó ní òun á sùn, òun á jí, òun á lọ. Àyè ṣì wà dáadáa.

Ilé tó ń pe èèyàn ni. Ògiri ẹ̀ funfun, èéfín ń rọra jáde lórí òrùlé. Obìnrin sísanra kan dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti ń retí ẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá Aájò làwọn èrò ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ kú ìrìn. Omi ti gbóná. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Kò bi í pé ta ni. Kò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Ó gba àpò léjìká ẹ̀, ó gbé e síbi tí ò ti ní tutù. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń bó ẹ̀wà sínú abọ́. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn mi orí.

Èrò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ kan tó ń ta iyọ̀. Àgbò tó ń bá a ru iyọ̀ wà ní síso lábẹ́ igi níta. Àgbò ibẹ̀ ga tó ẹṣin.

"Ẹ jókòó, bàbá," Oníyọ̀ ní. "Ọbẹ̀ ibí yìí, téèyàn bá jẹ ẹ́ tán, á gbàgbé ìyá tó bí i."

Baba Gúnrégé jókòó. Ó mú ṣíbí. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ.

Gìrìrì.

Ìyá Aájò ló jáde lọ gbé igi ìdáná. Ilẹ̀kùn ló ń wọ́lẹ̀. Ó ti ha ilẹ̀ amọ̀ náà títí ó fi fa ìlà yípo sí i. Obìnrin náà fẹsẹ̀ tì í, kò dé. Ìka méjì ló ṣẹ́ kù láàárín ilẹ̀kùn àti òpó. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń fẹ́ iná kiri.

Baba Gúnrégé kẹ̀yìn sí i. Ó jẹ ọbẹ̀ ṣíbí méjì. Gìrìrì, obìnrin náà padà wọlé. Ó jẹ ọbẹ̀ ṣíbí kan.

"Ta ló gbé ilẹ̀kùn yìí kọ́?" ó bi Oníyọ̀.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mo ń jẹun."

"Híńjì òkè ni wọ́n kàn sódì. Ọmọdé ò ní ṣerú ẹ̀."

"Ẹ jẹun, bàbá."

Ìyá Aájò gòkè lọ tẹ́ ibùsùn. Ọkọ ẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀wà lọ sẹ́yìn. Oòrùn ń wọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ṣì wà tó iṣẹ́ kékeré. Ọmọ mi, ó ń wí nínú ara ẹ̀, ọ̀la ni mò ń rí ọmọ mi. Ó ti gbé ìfági kó tó wí i tán.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún onílé," Oníyọ̀ ní.

"Kò ní pẹ́."

Ó yọ ilẹ̀kùn. Ó fá ìsàlẹ̀. Ó yí híńjì padà síbi tó yẹ kó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Ó gbé e kọ́. Ó fi ìka kan tì í.

Ilẹ̀kùn náà lọ. Kò dún. Ó wọ àyè ẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò, ó sì dé.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Kòkòrò tó ń ké níta dákẹ́. Iná tó ń jó kiri nàró, kò mì mọ́. Oníyọ̀ gbé ṣíbí dúró lókè, kò mọ ìdí tóun fi gbé e dúró.

Ìyá Aájò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó di aṣọ ìbora mẹ́ta mọ́yà. Ó rí ilẹ̀kùn. Aṣọ bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni," Baba Gúnrégé ní. "Ẹ má ṣèyọnu. Mi ò gba nǹkan kan."

"A bẹ̀ yín?"

"Ẹ ò bẹ̀ mí. Ó ń wọ́lẹ̀ ni."

"A bẹ̀ yín ni mo bi yín."

Obìnrin náà ṣa aṣọ ìbora ẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ó ti ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ lọ sùn. Ẹ fara balẹ̀ sùn dáadáa."

Ilẹ̀ mọ́. Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ó dàbọ̀ o, ó gbé ẹrù, ó jáde. Ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ẹ̀, kò dún. Baba Gúnrégé ń so okùn bàtà lọ́wọ́. Bàtà yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló kan ìṣó mẹ́ta mẹ́ta sí gìgísẹ̀ ẹ̀. Kò tíì so ẹsẹ̀ kan tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Oníyọ̀ wọlé, ẹrù ṣì wà léjìká ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," Ìyá Aájò ní. "Ẹ kú ìrìn. Omi ti gbóná. Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí lo gbàgbé?" Baba Gúnrégé bi í.

Oníyọ̀ ń wo yàrá náà kiri. "Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mò ń lọ ni."

Baba Gúnrégé rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó fa ilẹ̀kùn. Ó rí ọ̀nà. Ó rí ìrì lórí koríko. Ó gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún síta, ó kan ilẹ̀ tútù. Ó gbẹ́sẹ̀ òsì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ òsì kan ilẹ̀ amọ̀ gbígbóná. Iná wà níwájú ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Omi ti gbóná."

Ó yí padà, ó tún jáde.

"Ẹ káàbọ̀."

Ó tún jáde, sísá ló sá lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ ti làágùn."

Ohun tó bí i nínú jù ni pé obìnrin náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń kí i pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tí ò rí i rí. Ó tún fẹ́ gba àpò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi!"

"Ó ti rẹ̀ yín ni. Ẹ jókòó."

Oníyọ̀ kígbe lójú fèrèsé. "Àgbò mi! Àgbò mi ò sí níbẹ̀ mọ́!"

Wọ́n sáré lọ wò ó. Igi wà níbẹ̀. Àgbò ò sí. Wọn ò já okùn ẹ̀, ńṣe ni wọ́n tú u. Ojú ẹsẹ̀ àgbò wà nínú ìrì, ojú ẹsẹ̀ èèyàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n jọ gba ọ̀nà lọ wọ́ọ́rọ́.

"Olè!" Oníyọ̀ ní. Ó gba fèrèsé fò jáde.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó wọlé.

"Ẹ káàbọ̀," Ìyá Aájò ní.

Wọ́n gbìyànjú ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Iwájú ni wọ́n gbà wọlé. Baba Gúnrégé ní kí Oníyọ̀ di òun lọ́wọ́ mú, kóun fẹ̀yìn rìn jáde. Ìdí iná ló fẹ̀yìn rìn dé, ó fẹ́ẹ̀ jókòó lé ọkọ Ìyá Aájò lẹ́sẹ̀. Ọkọ náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oòrùn ń gòkè. Ìyẹn ò dúró dè wọ́n.

"Ìyá," Baba Gúnrégé ní. "Ọmọ mi ń lọ lónìí. Tí mi ò bá dé odò kí oòrùn tó wọ̀, mi ò ní rí i mọ́ láyé mi. Ẹ ṣàánú mi. Kí ni mo ṣe?"

Ìyá Aájò jókòó. Ó da ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ilẹ̀kùn lẹ tún ṣe," ó ní. "Ilé yìí fẹ́ràn àlejò. Ó fẹ́ràn wọn jù. Tílẹ̀kùn ẹ̀ bá ti dé, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ tán, ó máa ń dá díẹ̀ lára ẹ̀ dúró. Ìyá ọkọ mi ló wá káfíńtà tó bà á jẹ́. A bẹ̀ ẹ́ kó bà á jẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi bà á jẹ́ kó tó bàjẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ọ̀mùtí ni, kò tiẹ̀ mọ iṣẹ́."

Oníyọ̀ wo Baba Gúnrégé. "Ọjọ́ mọ́kànlá."

"Má wò mí."

"Ilẹ̀kùn yín dáa o, bàbá. Ó gún. Kò tiẹ̀ dún. Ẹ wá pọ́n ara yín lé!"

"Mo ní kó o má wò mí!"

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó fá ẹ̀gbẹ́ kan tinrin, kí àyè lè wà. Ó gbé e kọ́, ó dé régé. Ó fá a sí i. Èérún igi bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn náà ṣì dé, bí ẹni pé wọn ò mú nǹkan kan kúrò lára ẹ̀. Ó yọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, ó gba ẹnu ọ̀nà tó ṣófo jáde. Inú ilé ló bọ́ sí. Ó yí híńjì sódì. Ọwọ́ ẹ̀ kàn án, ó wò ó, ó sì rí i pé ó tọ́. Kò mọ ìgbà tọ́wọ́ òun tún un ṣe. Ó gbé e kọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dé. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú ara ẹ̀, ó bú bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó bú igi.

Oòrùn ti dé àtàrí.

"Ọwọ́ yín ni," ẹnì kan sọ.

Ọkọ Ìyá Aájò ni. Ohùn ẹ̀ há bí ohun tí wọ́n ti gbé pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Ọwọ́ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́."

Baba Gúnrégé wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ó bọ́ ìgbànú.

"So ó mọ́ mi lẹ́yìn," ó sọ fún Oníyọ̀. "Kó le."

Oníyọ̀ so ó. Baba Gúnrégé fi òsì mú ayùn. Ó di ojú. Ó rẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà bí ajá ṣe ń jẹ eegun. Ayùn yọ̀, ọwọ́ òsì náà ṣí lọ sórí eyín ẹ̀, ó gé e. Kò dúró. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí igi, òógùn ń kán lé e. Ó fi òsì náà kan híńjì, ìṣó méjì wọ́, ìkan kò tiẹ̀ wọlé. Gbogbo ara ẹ̀ ń yún un pé kó tún un ṣe. Ó ń sunkún.

Wọ́n gbé e kọ́. Ìyá Aájò fẹsẹ̀ tì í.

Gìrìrì. Ó kù ní ìka méjì.

Afẹ́fẹ́ wọlé. Iná mì. Kòkòrò kan dún níta, òmíràn dá a lóhùn.

"Ó ti bàjẹ́!" Ìyá Aájò pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá! Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni!"

Oníyọ̀ ti tú ìgbànú, ó ti jáde. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ kó lè mọ̀ pé ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló sáré tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ àgbò ẹ̀, apá ibi tí kì í ṣe ti odò. Kò dágbére.

Ìyá Aájò sin Baba Gúnrégé dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi aṣọ di ọgbẹ́ ẹ̀.

"Ẹ máa lọ o. Bẹ́ ẹ bá bá a, ẹ bá wa kí i."

"Ta ni?"

Obìnrin náà ti wọlé. Gìrìrì.

Ó sáré. Bàbá tó ti darúgbó, àpò irin léjìká, ó sáré. Ó ti rìn dé bí ìdajì ọ̀nà kó tó wolẹ̀. Ojú bàtà kan wà nínú ekuru níwájú ẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ odò. Ìṣó mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kúrò. Ọ̀kan náà ni.

Kò dúró rò ó. Kò sí àyè. Ó ń sáré lẹ́yìn ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Níbi oríta, òpó tó ń júwe ọ̀nà ti dagun, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú. Baba Gúnrégé dúró. Ó kàn dúró ni, ó wò ó, ó gbọ́wọ́ sí i, ó tì í nàró díẹ̀, ó wá bú ara ẹ̀, ó lọ. Ojú bàtà tó wà nílẹ̀ ò dúró níbẹ̀. Kò tiẹ̀ rọra rìn.

Nígbà tó dé odò, oòrùn ti kan omi, ó ti fẹ́ẹ̀ rì tán. Èbúté ṣófo. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ èbúté ń ká okùn lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ dà?"

Ọkùnrin náà nawọ́. Ọkọ̀ ti kéré lójú omi. Ẹ̀yìn ẹja méjì ń yọ, ó ń rì, níwájú ẹ̀.

"Ọmọ mi wà níbẹ̀," Baba Gúnrégé ní. Kò lè mí dáadáa. "Obìnrin. Ó ga. Ó dá lọ."

"Obìnrin gíga? Kò dá lọ o. Òun àti bàbá ẹ̀ ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá ẹ̀ náà. Ọ̀sán ló dé. Ọmọ yẹn rí i lókèèrè, ńṣe ló kígbe. Ó sáré pàdé ẹ̀, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, tí mo ní kí ló dé? Wọ́n jókòó síbí yìí, wọ́n jọ jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tọ́kọ̀ fẹ́ lọ, ó ní òun á kúkú bá a kọjá." Ọkùnrin náà wo ojú ẹ̀. Ó tún un wò. "Ẹ jọra o. Ìbejì ni yín?"

Baba Gúnrégé wo àpò tó gbé kọ́ èjìká.

"Ṣé ó gbé àpò?" ó bi í.

"Àpò irinṣẹ́, bíi tiyín yìí. Nígbà tí mo rí i, mo ní, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, pákó èbúté wa yìí ti ń mì láti ọdún méjì, ẹ bá mi wò ó. Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní kí n má bínú, ọmọ òun ń dúró de òun."

Lójú omi lọ́hùn-ún, ẹni méjì dúró ní ìdí ọkọ̀. Èyí ga. Èyí ò ga. Ó jọ pé èyí tí ò ga gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Oòrùn sì rì.

Ọkùnrin náà gbé okùn ẹ̀, ó ń lọ. Pákó tó tẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kọ̀. Kọ̀.

"Ẹ̀yin náà kúkú ni káfíńtà," ó ní. "Bí kò bá ni yín lára, ẹ bá mi wò ó."

Baba Gúnrégé ò fẹ́ wò ó. Omi ló ń wò. Ó tẹjú mọ́ omi títí ọkọ̀ fi di tóńtó, títí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Òṣùpá àbúrò ló kọ́kọ́ yọ. Ó bojú wolẹ̀ nígbà náà. Eékún ẹ̀ ti kanlẹ̀. Pákó náà wà lábẹ́ ọwọ́ òsì ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti wà nínú àpò, ó ń wá hámà.